Live Linux orí fláàṣì fún ẹgbẹ́ yín: ìfiwéra ohun tí ẹ lè fi kọ́ ọ àti ọ̀nà tí ẹ lè gbà pín in

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Windows 11 tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò kan inú kọ̀ǹpútà), àti pé, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, kì í gba Intel tí kò tó ìran kẹjọ. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2014 tàbí 2016, tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé iná, tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ò tíì ní lẹ́tà kan tó já, ti wá di ẹni tí wọ́n ń lé kúrò nílé. Kò yani lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ Linux orí fláàṣì bá ń jáde níbi ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ti àwọn olùkọ́, ti ọ̀dọ́ àdúgbò.

Ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣe tiwọn ni mo kọ èyí fún: fláàṣì tí a kì bọ kọ̀ǹpútà, tí Linux dìde láti orí rẹ̀ láì fọwọ́ kan Windows inú ẹ̀rọ, tó ní LibreOffice, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, GCompris fún àwọn ọmọdé, àti ohunkóhun mìíràn tí ẹgbẹ́ bá yàn.

## Ta ni yóò tún un kọ́?

Tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ àríyànjiyàn lórí irú Linux tí ẹ máa lò. "Ubuntu ni ká lò." "Rárá o, Mint ló jọ Windows." "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Debian ni bàbá gbogbo wọn." Wákàtí kan á ti lọ. Mo gbádùn àríyànjiyàn náà bíi ti gbogbo èèyàn, àmọ́ ìbéèrè tó máa sọ bóyá iṣẹ́ yìí á pẹ́ ni pé: ta ni yóò tún ISO yìí (fáìlì kan ṣoṣo tí a ń kọ sórí fláàṣì) kọ́ nígbà tí Firefox, búráúsà inú rẹ̀, bá ti gbó? Live ISO kì í pẹ́ gbó rárá. Ẹni tó kọ́ ọ lónìí lè ti ríṣẹ́ sí Àbújá, ó lè ti japa, kí oṣù mẹ́fà tó pé. Tó bá jẹ́ pé inú láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀ nìkan ni gbogbo ọ̀nà ìkọ́ rẹ̀ wà, ohun tó ti ń bàjẹ́ lẹ óò máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn èèyàn.

Ìbéèrè méjì mìíràn tún wà tí ẹ lè dáhùn kíákíá. Ṣé fláàṣì náà yóò bá olówó rẹ̀ lọ sílé, àbí inú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé ni yóò máa gbé? Kí sì ni ẹ̀rọ tó gbó jù tí yóò lò ó? Ẹ kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀, a óò padà bá wọn.

## Ohun tó wà nínú rẹ̀

Klaus Knopper, ará Jámánì, ló sọ live Linux di ohun tí ayé mọ̀ pẹ̀lú Knoppix tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, nígbà tí CD ṣì wà lójú ọpọ́n. Lónìí, gbogbo ètò inú live ISO la máa ń fún pọ̀ sínú fáìlì ńlá kan tó ń jẹ́ squashfs. Ó ṣeé kà, kò ṣeé kọ nǹkan sí. Overlayfs wá tẹ́ ìpele mìíràn lé e lórí nínú RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀ inú kọ̀ǹpútà), ibẹ̀ ni gbogbo àyípadà ń lọ. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ìpele òkè pòórá, tìsàlẹ̀ wà bó ṣe wà.

Ohun tó dáa nínú èyí náà ló tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Ogún ọmọ lè lo fláàṣì kan náà, kí wọ́n da gbogbo àmì ojú tábìlì rú, ẹ tún un tàn, ó ti mọ́. Àmọ́ ọmọ tó fi wákàtí méjì tẹ àròkọ rẹ̀ náà á tàn án lọ́la, kò ní rí nǹkan kan.

## live-build, Cubic àti MX Snapshot

Ọ̀nà mẹ́ta yìí ni mo rò pé ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda lè gbé yẹ̀ wò tọkàntọkàn.

live-build ni irinṣẹ́ tí Debian fúnra wọn ní. Kò ní fèrèsé, kò ní bọ́tìnì. Ẹ ṣí fóldà kan, ẹ pàṣẹ `lb config`, ẹ wá kọ orúkọ ètò tí ẹ fẹ́ sínú fáìlì bíi `config/package-lists/egbe.list.chroot`, ọ̀kan lórí ìlà kan: `libreoffice`, `gcompris-qt`, `vlc`. Àwòrán ojú tábìlì, ojúlé búráúsà, ìwé PDF tí ẹ fẹ́ kí gbogbo èèyàn bá níbẹ̀, gbogbo wọn ń lọ sínú `config/includes.chroot`, ní ipò gẹ́lẹ́ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wà nínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, `sudo lb build`, kí ẹ lọ jẹun. Tails, tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn akọ̀ròyìn, live-build ló fi ń kọ́ ISO rẹ̀. Lernstick tí wọ́n ń lò nílé ìwé ní Switzerland náà, orí Debian live ló dúró lé.

Ó le níbẹ̀rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Tí ẹ bá ṣi orúkọ ètò kan kọ, ìkọ́lé á dúró láàárín ọ̀nà, ẹ óò sì máa wá ìdí rẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ rí gbà: gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín, láì ka àwòrán, kò ju fáìlì kéékèèké mélòó kan lọ. Ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀ sínú git (ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà fáìlì), kí ẹ rí ẹni tó fi `vlc` síbẹ̀ àti ọjọ́ tó fi í síbẹ̀. Ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín á pàṣẹ kan náà, ISO tuntun á jáde pẹ̀lú Firefox tuntun.

Ọ̀rọ̀ dátà ńkọ́? live-build máa ń pa ohun tó bá ti dáńlóòdù mọ́ sínú fóldà `cache`. Tí ẹ bá fẹ́ tún kọ́, `lb clean` lásán ni kí ẹ pè. Tí ẹ bá fi `--purge` kún un, ó gbá gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ óò tún ra dátà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ó bá ju ẹnì kan lọ tó ń kọ́ ọ nínú ọ́fíìsì kan náà, ẹ fi apt-cacher-ng sórí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà yín, kí ètò kọ̀ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀kan péré fún gbogbo yín.

Cubic rọrùn ju ìyẹn lọ dáadáa. Torí Ubuntu àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ fún un ní ISO tí ẹ ti ní, ó tú u palẹ̀, ó ṣí ojú dúdú kan fún yín bí ẹni pé inú ISO náà lẹ jókòó sí, ẹ pàṣẹ `apt install` ohun tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ Next, Next, ISO tuntun dé. Ẹni tó ti lo Ubuntu fún ọdún kan kò ní sọnù níbẹ̀.

Ìṣòro mi pẹ̀lú Cubic ni pé ohun tí ẹ tẹ̀ sínú ojú dúdú yẹn kì í ṣe ìwé àkọsílẹ̀. Ó máa ń pa iṣẹ́ mọ́ sínú fóldà, ẹ lè padà sí i, àmọ́ fóldà ńlá ni, orí ẹ̀rọ ẹnì kan ló wà, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi ìyẹn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn láti Òṣogbo. Àwọn kan máa ń kọ gbogbo àṣẹ wọn sínú fáìlì kan kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú dúdú náà. Tí ẹ bá máa lo Cubic, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gbójú lé iyè inú. Ẹ tún rántí pé ISO Ubuntu 24.04 nìkan súnmọ́ GB 6. Ẹ wá àyè tó pọ̀ sílẹ̀ lórí disk.

MX Snapshot ló rọrùn jù. Ẹ fi MX Linux sórí láàpútọ́ọ̀pù kan, ẹ tò ó bó ṣe wù yín, ẹ wá tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ tí ẹ tò yẹn á di ISO. Ohun tí ẹ rí lójú yín ni ẹni tó gba fláàṣì yóò rí. Fún ètò tí ọjọ́ rẹ̀ ti dé tán, kò sí èyí tó yára tó o.

Ewu rẹ̀ ni pé kì í mọ ohun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ tiyín. Nígbà tó bá bi yín bóyá kí ó tọ́jú àwọn àkáǹtì tàbí kí ó tún wọn ṣe, ẹ yan pé kí ó tún wọn ṣe, kí fóldà yín má bàa bá ISO lọ. Ìyẹn nìkan ò tó. Ẹ ṣí `/etc/NetworkManager/system-connections`. Wi-Fi kọ̀ọ̀kan tí láàpútọ́ọ̀pù náà ti wọ̀ rí ní fáìlì tirẹ̀ níbẹ̀, nínú fáìlì náà sì ni ìlà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `psk=`. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi ilé yín, ní gbangba, láìfi nǹkan kan bò ó. Ká ní ẹ pín fláàṣì ogójì, ogójì èèyàn ti ní kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ pa àwọn fáìlì yẹn rẹ́ kí ẹ tó ya snapshot. Ẹ wo `/etc/machine-id` àti àwọn kọ́kọ́rọ́ inú `/etc/ssh` náà bóyá wọn yóò tún ara wọn dá lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo fláàṣì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà lórí Wi-Fi kan náà, ẹ óò rí ìjọ̀ngbọ̀n tí ẹ ò ní mọ ibi tó ti wá.

Télọ̀ tó gé pátáànì sílẹ̀ lè rán aṣọ ẹbí fún ogún èèyàn lọ́dún yìí, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rán irú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀; ẹni tó bá jẹ́ aṣọ tí a ti rán nìkan ló ní lọ́wọ́, àfi kó tú u. live-build ni pátáànì. Méjì yòókù, aṣọ ni.

| | live-build | Cubic | MX Snapshot |
|---|---|---|---|
| Ohun tí ẹ ń fọwọ́ kàn | fáìlì kéékèèké | ISO tí a tú palẹ̀ | ẹ̀rọ tí ẹ ti tò |
| Títún un kọ́ | àṣẹ kan | ẹ ṣí fóldà iṣẹ́, ẹ mú un dójú ìwọ̀n | ẹ mú ẹ̀rọ náà dójú ìwọ̀n, ẹ tún ya á |
| Ohun tó lè bà á jẹ́ | kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ ọ | àṣẹ tí a ò kọ sílẹ̀ | àṣírí ẹni tó tò ó |
| Ẹni tó bá mu | ẹgbẹ́ tí yóò máa pín in lọ́dọọdún | ẹni tó mọ Ubuntu dunjú | ètò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo |

Fedora ní ọ̀nà tirẹ̀, fáìlì kickstart, tó jẹ́ pátáànì bíi ti live-build. Ibẹ̀ ni Sugar on a Stick ti jáde fún àwọn ọmọdé ní 2009. Àmọ́ ẹ̀dà Fedora kan kì í ní àtìlẹ́yìn ju bí oṣù mẹ́tàlá lọ. Debian ń fún yín ní ọdún mẹ́ta, àti méjì mìíràn lábẹ́ LTS (àtìlẹ́yìn onígbà pípẹ́). Ẹgbẹ́ tí kò ní owó oṣù kankan kò gbọdọ̀ máa sáré lé Fedora kiri.

Ní ti ẹ̀rọ tó gbó jù tí ẹ kọ sílẹ̀: tó bá jẹ́ 32-bit (irú ṣíìpù àtijọ́), Debian 13 tó jáde ní oṣù kẹjọ 2025 kò ní ISO fún un mọ́, Ubuntu ti pa tirẹ̀ tì láti 2017, Fedora láti 2019. Ẹ lọ sọ́dọ̀ antiX 23, irú Linux kan fún ẹ̀rọ àtijọ́. Tó bá jẹ́ RAM ló kéré, tó jẹ́ GB 1 péré, Puppy tàbí Slax lè gbé e, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju ọgọ́rùn-ún MB mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n lónìí, búráúsà ló ń jẹ RAM, Linux kọ́. Ojúlé kan tó kún fún fídíò á dá GB 1 dúró, Puppy ò Puppy.

## Ìpamọ́: kí iṣẹ́ wà, àbí kí ó pòórá?

Persistence ni wọ́n ń pè é nínú mẹ́nù. Tí fláàṣì bá jẹ́ ti yàrá kọ̀ǹpútà, ẹ má fi í síbẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa pòórá. Tí fláàṣì bá ń bá èèyàn lọ sílé, ó gbọ́dọ̀ ní in. Ohun tó kù ni bí yóò ṣe pọ̀ tó.

Lórí Debian, ẹ dá pátíṣàn (ìpín orí fláàṣì) ext4 kan sílẹ̀ lẹ́yìn ISO, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní `persistence`, ẹ fi fáìlì `persistence.conf` sínú rẹ̀. Tí ohun tó wà nínú fáìlì náà bá jẹ́ `/home`, ìwé, àwòrán àti ètò búráúsà oníkálùkù ni yóò wà. Tó bá jẹ́ `/ union`, gbogbo nǹkan ni yóò wà, títí kan ètò tí wọ́n bá fi kún un.

`/home` ni mo máa ń mú. Gbogbo èèyàn ló máa kọ́kọ́ fẹ́ `/ union`, mo mọ̀, ó dùn létí. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: olówó fláàṣì rí i pé àwọn ètò tuntun ti dé, ó ní kó mú gbogbo rẹ̀ dójú ìwọ̀n. Ti tuntun wọ ìpele òkè, ti àtijọ́ ṣì wà nínú squashfs, méjèèjì ń jẹ àyè. Kernel (ọkàn Linux) tuntun tó wọlé kò wúlò, nítorí apá tí a ò lè kọ nǹkan sí ni kọ̀ǹpútà ti ń bọ́ọ̀tù, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ló ti ń dìde. Díẹ̀díẹ̀ fláàṣì kún. Ọjọ́ tó bá kún tán, ojú tábìlì lè kọ̀ láti ṣí, ẹni náà á sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé Linux ò dáa.

Ibi kan nìyí tí MX ti lé gbogbo wọn sẹ́yìn. Ó ní irinṣẹ́ tó ń mú kernel orí fláàṣì dójú ìwọ̀n, ó sì ní remaster tó ń kó gbogbo àyípadà ìpele òkè padà sínú squashfs. Tí àwọn tó máa gba fláàṣì yín bá jẹ́ ẹni tó ń gbé ìlú tí ẹ ò ní dé mọ́, tí wọn yóò máa tọ́jú rẹ̀ fúnra wọn, MX ni kí ẹ mú. Mo sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tí mo ní sí live-build.

Kí ẹ tó mú un, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ iná. MX ní `persist_root` àti `persist_static`, àti àwọn mìíràn. Àkọ́kọ́ ń tọ́jú àyípadà sínú RAM, ó wá ń dà á sórí fláàṣì nígbà tí ẹ bá ń pa á. Ó yára, fláàṣì sì ń pẹ́. Ìkejì ń kọ ọ́ sórí fláàṣì lójú ẹsẹ̀, ó sì ń fà. Lórí láàpútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dáa, àkọ́kọ́ ló sàn. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS, tí wọ́n lè mú iná lọ nígbàkígbà, ẹ má dán àkọ́kọ́ wò. Iṣẹ́ àárọ̀ títí di ọ̀sán lè lọ pẹ̀lú iná ọ̀hún. Puppy náà ń ṣe irú èyí, ẹ ṣètò rẹ̀ kí ó máa pa nǹkan mọ́ láàárín àkókò kékeré.

Fún Ubuntu, láti 20.04 orúkọ pátíṣàn rẹ̀ ni `writable`. Ìtọ́ni tó ní kí ẹ pè é ní `casper-rw` ti pẹ́, ó sì ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Fláàṣì máa ń jábọ́ nínú dánfó. Tó bá jẹ́ olùkọ́ tó ní máàkì àwọn ọmọ nínú rẹ̀ ló ni ín, ẹ fi LUKS (ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti gbogbo pátíṣàn) tì í; Debian live gbà á bí ẹ bá fi `persistence-encryption=luks` kún ìlà bọ́ọ̀tù. Ti àwọn ọmọdé, mi ò ní tì í. Wọn á gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, LUKS kò sì mọ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

## dd, Rufus, Ventoy: bí ISO ṣe ń dé orí fláàṣì

`dd` kò ní ẹwà, ó sì wà lórí gbogbo Linux. Ẹ kọ́kọ́ pe `lsblk`, tó ń to gbogbo disk jọ, ẹ fi ojú wọn ìtóbi, kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ fláàṣì dájú, nítorí lẹ́tà kan tí ẹ ṣì tẹ̀ lè nu disk kọ̀ǹpútà yín mọ́:

`sudo dd if=egbe.iso of=/dev/sdX bs=4M status=progress conv=fsync`

Fláàṣì olówó pọ́ọ́kú lè máa kọ MB 5 péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. ISO GB 3 á gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogójì fláàṣì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbà tó wákàtí méje, láì ka ti iná. Ẹ ra hub USB tó ní wáyà iná tirẹ̀, ẹ fi àṣẹ `tee` kọ ọ́ sórí mẹ́fà tàbí méje lẹ́ẹ̀kan. DLCopy, tó wá pẹ̀lú Lernstick, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń kọ ọ́ sórí ọ̀pọ̀ fláàṣì pa pọ̀, ó ń dá pátíṣàn ìpamọ́ sílẹ̀, ó sì lè fi ISO tuntun rọ́pò ti àtijọ́ láì pa ìwé olówó rẹ̀ rẹ́. Tí ẹ bá ti yan Debian, ẹ wò ó dáadáa.

Olùyọ̀ǹda tó jẹ́ Windows nìkan ló ní, Rufus ni kó lò. Ó ní ibi tí a ti ń fa ìtóbi ìpamọ́ fún Debian àti Ubuntu. balenaEtcher rọrùn síi, ṣùgbọ́n kò ní ìpamọ́.

Ventoy yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ẹ fi í sórí fláàṣì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ kàn ń da ISO sí i bí ẹni ń da orin sí fóònù, márùn-ún, mẹ́wàá, títí àyè á fi tán. Pátíṣàn exFAT ló ń lò, nítorí náà fáìlì tó ju GB 4 lọ, tí FAT32 kì í gbà, ń wọlé. Fún kọ́kọ́rọ́ tí olùyọ̀ǹda fúnra rẹ̀ ń gbé káàkiri, mi ò mọ èyí tó dáa jù ú lọ.

Mi ò ní fi í fún aráàlú o. Mẹ́nù tó kún fún orúkọ ISO á dẹ́rù ba ìyá àgbà tó fẹ́ kọ lẹ́tà. Lórí ẹ̀rọ tí Secure Boot rẹ̀ (ààbò tó ń yẹ ètò wò kí kọ̀ǹpútà tó dìde) wà ní títàn, ìgbà àkọ́kọ́ á mú ojú búlúù kan wá tí a ti ní láti gba kọ́kọ́rọ́ Ventoy wọlé, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀; ISO Debian tí a kọ tààrà pẹ̀lú `dd` kì í béèrè ìyẹn, bí ẹ bá ti rí i pé live-build yín fi àtìlẹ́yìn Secure Boot sí i. Ní 2024 àwọn kan tún gbé ìbéèrè dìde nípa àwọn fáìlì tí a ti kọ́ tán tó wà láàárín orísun (kóòdù) Ventoy. Ní 2025 ẹni tó ṣe é dáhùn. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni ní olè torí ìyẹn, àmọ́ ẹgbẹ́ tó ń wàásù pé kí gbogbo orísun hàn gbangba gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

## Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, Wi-Fi, àti Wikipedia láìsí dátà

Linux ti ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tipẹ́. Nínú live-build, ẹ fi `keyboard-layouts=ng keyboard-variants=yoruba timezone=Africa/Lagos` sí ìlà bọ́ọ̀tù, ó tán. Locale (ètò èdè àti déètì) `yo_NG` wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ti túmọ̀ kò pọ̀. Ẹ óò rí orúkọ ọjọ́ ní Yorùbá, mẹ́nù tó pọ̀ á ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì.

Fọ́ǹtì ló ń tú wa fó. Unicode ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní fún ẹ́: ẹ àti àmì ohùn ni yóò pàdé lójú ìwé, fọ́ǹtì tí kò mọ bí a ti ń tò wọ́n á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó fi í gun lẹ́tà lórí. Ẹ fi `fonts-sil-andika` tàbí `fonts-sil-charis` sínú àkójọ yín, kí ẹ ṣí Writer, kí ẹ tẹ `ẹ̀kọ́`, kí ẹ sì sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá. Ibi lẹ́tà ńlá ni àìdáa ti máa ń hàn.

Wi-Fi ni ẹ gbọ́dọ̀ dán wò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti Debian 12 ni ISO wọn ti ń gbé firmware (ètò kékeré tí káàdì Wi-Fi nílò) dání, àmọ́ tí ẹ bá ń fi live-build kọ́ tiyín, ẹ̀yin ni kí ẹ fi `non-free-firmware` sí `--archive-areas`, kí ẹ kọ `firmware-iwlwifi` àti `firmware-realtek` sínú àkójọ. Fún Broadcom tó wà nínú àwọn Dell àtijọ́, ẹ má gbára lé `firmware-b43-installer`: orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń gbé firmware wá, íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ẹ ń wá.

Kiwix ń jẹ́ kí Wikipedia ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ti Yorùbá kò tóbi, ó lè wọnú ISO. Tí ẹ bá fẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbé fáìlì ZIM rẹ̀ sí pátíṣàn tirẹ̀. Wọ́n ti fún un pọ̀ tẹ́lẹ̀, squashfs ò ní rí nǹkan kan fún pọ̀ níbẹ̀ ju pé yóò fi àkókò yín ṣòfò.

## Orúkọ àti orísun

Ẹ̀tọ́ orúkọ yàtọ̀ síra. Canonical ní kí ẹni tó bá yí Ubuntu padà tó sì ń pín in gba àṣẹ, tàbí kó yọ orúkọ àti àmì wọn kúrò. Fedora ní orúkọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú èyí, Fedora Remix. Debian kò fi bẹ́ẹ̀ le, ẹ lè sọ pé orí Debian ni ẹ kọ́ ọ sí. Ẹ fún tiyín ní orúkọ tirẹ̀ kí ìbéèrè kankan má bàa wáyé.

GPL, ìwé àṣẹ tí ọ̀pọ̀ ètò Linux wà lábẹ́ rẹ̀, sì ń béèrè pé kí ẹni tó ń pín ètò fún àwọn tó gbà á ní ọ̀nà láti rí orísun. Ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda kò bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn nítorí pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín. Tí ẹ bá fi `--source true` sí `lb config`, live-build á kó orísun gbogbo ohun tó fi kọ́ ISO jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń jẹ dátà, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe é fún ISO tó jáde gan-an nìkan, kì í ṣe fún gbogbo èyí tí ẹ fi dánra wò.

## Fláàṣì fúnra rẹ̀

Ẹ ra ọ̀kan ṣoṣo ná, ẹ dán an wò kí ẹ tó ra yòókù. Fláàṣì tó kọ GB 64 sára tó jẹ́ pé GB 8 ló wà nínú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì ń gba ohun tí ẹ bá kọ sí i láì ráhùn títí ẹ ó fi fẹ́ kà á padà. `sudo f3probe --destructive --time-ops /dev/sdX` á sọ òótọ́ rẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀, yóò sì nu ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ GB 16 tó dáa ju GB 128 tí a ò mọ ìyá rẹ̀.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, Windows á máa fi ìwọ̀nba díẹ̀ lára fláàṣì náà hàn, nítorí kò mọ ext4; ó tún lè gbé àpótí jáde pé kí a fọ́mátì rẹ̀. Ẹ lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn lára: kí ẹnikẹ́ni má tẹ Format o. Lẹ́yìn ìwé náà, ẹ kọ bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ láti bọ́ọ̀tù: HP, Esc lẹ́yìn náà F9; Dell, Lenovo àti Acer, F12; Asus, Esc. Kí oṣù àti ọdún tí ẹ kọ́ ISO náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì fi déètì kan náà sí `--iso-volume` nínú `lb config`, nítorí ìwé á já, fláàṣì á padà wá bá yín lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹni tó ń bèèrè ìdí tí báǹkì rẹ̀ fi ní búráúsà òun ti gbó.